Ìṣẹ́jú Méjìlá Jẹ́nẹ́rà Gbémiga

Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà jìnnà rí mọ̀ pé bàtà ló ń gbéni délé, kì í ṣe fìlà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémiga kò rin ọ̀nà jìnnà rí. Láti ilé rẹ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Tavy Bridge, ní Thamesmead ní London, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, mọ́tò ló sì máa ń gbé lọ. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó fẹ́ràn fìlà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì bú u o. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́. Òun ni máńéjà rótà, ẹni tó ń pín iṣẹ́ àti àkókò, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Àwọn kẹ́rà bí ogún ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí ń ti ilé dé ilé láti wẹ̀ fún arúgbó, láti wọṣọ fún un, láti bọ́ ọ, láti fún un lóògùn. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Agége. Òkè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ọ́fíìsì náà wà: tábìlì kan, kẹ́tùlù kan, fèrèsé kan tó kọjú sí omi Southmere. Ìjọba kékeré ni, àmọ́ ìjọba ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ní Woolwich ni nǹkan yí padà. Òjò lé ọkùnrin wa wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ibẹ̀ ló ti rí ìwé kan tó nípọn bíi odindi búrẹ́dì. Àwòrán òyìnbó kan wà lára èèpo rẹ̀, ó wọ kóòtù gígùn, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tí ìyàwó ní kó lọ da ilẹ̀ nù. Ìtàn iṣẹ́ ológun Jẹ́nẹ́rà Brẹ́nkẹ ni, ọ̀gágun Jámánì nígbà ogun Hítílà. Gbémiga kà á nínú bọ́ọ̀sì, ó kà á nídìí oúnjẹ, ó kà á nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù. Ìyàwó rẹ̀, Olúbùsọ́lá, ti lọ sí Kánádà láti bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, kò sí ẹni tí yóò ní, "Gbémiga, pa iná."

Nígbà tó fi máa di Wẹ́sídeè, ó ti ka ìwé dé ìdajì. Brẹ́nkẹ ti la odò mẹ́ta kọjá ní ọjọ́ márùn-ún, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn obìnrin ti ju òdòdó lù ú. Gbémiga mí kanlẹ̀, ó fi ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Sunday sí ojú ibẹ̀ láti fi ṣàmì, ó sì pa ìwé náà dé. Kí ló tún kù? Ọkùnrin ti ṣẹ́gun.

Ẹ fi ojú sí ìwé ètò ìsìn yẹn fún wa. A ṣì máa padà wá bá a.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn kẹ́rà wọ ọ́fíìsì, wọ́n bá máàpù Thamesmead lára ògiri, ìṣó pupa wà níbi gbogbo bíi ìgbóná lára ọmọ. Níwájú rẹ̀ ni Gbémiga dúró sí. Kóòtù aláwọ̀ eérú tó gùn dé kókósẹ̀ ló wọ̀, bọ́tìnnì idẹ mẹ́wàá nígbàáyà. Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọrùn rẹ̀, torí aṣọ adènà ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ọrùn ọ̀gágun wò? Ó dé fìlà ológun. Bàtà sójà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dán lókè, ìdí rẹ̀ sì ti jẹ títí ó fi dán bíi àwo.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun mi!"

"Yes, Daddy!"

"Ẹ má pè mí ní Daddy. Jẹ́nẹ́rà."

"Yes, Daddy Jẹ́nẹ́rà!"

Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó na ọ̀pá sí máàpù. "Nígbà tí Jẹ́nẹ́rà Brẹ́nkẹ dé etí odò, ṣé ó dúró kí odò? Ṣé ó ní, 'Odò, ṣé o jí ire, ṣé orúnkún ò dùn ọ́ mọ́?' Ó là á kọjá ni! Ẹ̀yin wá ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé arúgbó kan. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ ń bá a mọ ilé ni? Láti òní lọ, ìṣẹ́jú méjìlá! Orúkọ ètò yìí ni Ogun Mànàmáná. Ẹ wọlé, ẹ kọlù ú, ẹ jáde!"

Moráyọ̀, igbákejì rẹ̀, ti ń fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Obìnrin náà mọ èèyàn yìn ju bí akọrin ti mọ̀ ọ́n lọ. "Háà! Ọ̀gágun tí ń fi rótà ṣẹ́gun! Baba tó ká Thamesmead bí ẹní, tó fi há abíyá! Ẹ sín níbí, kí wọ́n máa wá ìbora ní Kent!"

"Ó tó, Moráyọ̀," ni Gbémiga wí, ó sì dúró bóyá yóò fi kún un.

Òfin náà ò tíì parí. Bí kẹ́rà bá dé ọ̀dọ̀ arúgbó, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kó nàró, kó bẹ́rí bíi sójà, kó kọ orin ẹsẹ̀ méjì tí Gbémiga fúnra rẹ̀ ṣe, kó sì pariwo pé, "Mànàmáná kì í wẹ̀yìn!" Bí ìṣẹ́jú méjìlá bá pé, kó fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé, "Ìṣẹ́gun!" Bí arúgbó bá ní kó dúró, kó má dúró, ẹ̀tàn ọ̀tá ni.

Felicia gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ọmọ Oǹdó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàtà òjò tó ní eyín nídìí ló máa ń wọ̀ láti October títí di April. Lórí tábìlì Gbémiga, lábẹ́ kọ́ọ̀pù tíì, ni lẹ́tà rẹ̀ wà, lẹ́tà ìgbọ̀wọ́ tí yóò fi tún físà rẹ̀ ṣe kí February tó parí. Ìbuwọ́lùwé máńéjà nìkan ló kù. Bí kò bá sí i, òun àti ọmọ rẹ̀ Àánú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́rẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé, yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ ni. Obìnrin tí irú lẹ́tà yẹn wà lábẹ́ kọ́ọ̀pù ẹlòmíì kì í la ẹnu gbàǹgbà. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ ní orúnkún kan.

"Daddy, ẹ dákun sà. Mista Jethro tèmi, létí Birchmere Park. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò dáa. Ẹ̀kọ óòtì àárọ̀ nìkan, ó ń lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbé e mì tán."

"Jẹ́nẹ́rà Brẹ́nkẹ," ni Gbémiga dáhùn, "kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀nà ọ̀fun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún ni Jethro, òyìnbó Woolwich pọ́ńbélé, ara rẹ̀ rí bí ìgò tí wọ́n fi bébà wé. Èdè òyìnbó ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà á lẹ́nu rẹ̀ ní èdè tiwa. Nígbà tí Felicia nàró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó bẹ́rí, tó kọrin, tó pariwo mànàmáná, bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Felicia, ṣé ara rẹ yá?"

Ojú tì í. Ó jókòó tì í, ó gbé ṣíbí, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Nígbà tó dé orí Brẹ́nkẹ, bàbá bú sẹ́rìn-ín débi pé Felicia ní láti gbé abọ́ sẹ́yìn.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí wa lórí ní Woolwich níbí," ni Jethro wí. "Wọn ò rí mi mú. Ṣé ó wá di ìsinsìnyí, kí ọ̀gágun wọn wá dín ẹ̀kọ óòtì mi kù?" Ó nu ẹnu. "Bàbá mi ṣọ́ irú wọn, ṣé o mọ̀? Wọ́n kó àwọn jẹ́nẹ́rà tí wọ́n mú sí ilé ńlá kan. Ogun tí wọ́n ń jà níbẹ̀ ni ta ni yóò jókòó sí àga ẹ̀bá iná. Bi ọ̀gá rẹ léèrè bóyá ó ka ìwé náà tán."

Felicia rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní Oǹdó kì í bi àgbà bóyá ó kàwé tán.

Ohun tó ṣe ni ohun tí gbogbo àwọn tó láàánú nínú wọn ń ṣe. Bí ìṣẹ́jú méjìlá bá pé, yóò gbé fóònù sétí ẹnu, yóò ní, "Ìṣẹ́gun, sà!" yóò sì tún gbé ṣíbí. Ní ọ́fíìsì, Gbémiga ń gún ìṣó sí máàpù, ìṣẹ́gun lórí ìṣẹ́gun. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé irọ́ ni. A kì í sọ fún àgbà pé aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn; a máa ń rìn sẹ́yìn rẹ̀ ni kí ayé má baà rí i. Bí wọ́n ṣe bo Daddy mọ́lẹ̀ nìyẹn, títí Daddy fi gbàgbọ́ pé òun ti gba gbogbo ilẹ̀ dé etí odò Thames.

Jethro ló tú u fó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Felicia pariwo "Ìṣẹ́gun!" tán, kò tètè yọ ọwọ́ lórí fóònù, ohùn bàbá sì wọlé kedere: "Felicia, iyọ̀ lo bù sí i, kì í ṣe ṣúgà!"

Lọ́jọ́ Thursday, wọ́n dá ilé-ẹjọ́ sójà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Gbémiga jókòó sẹ́yìn tábìlì, Moráyọ̀ dúró tì í pẹ̀lú bíbélì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lẹ́tà Felicia wà láàrin tábìlì, pẹ́ẹ̀nì sùn lé e lórí.

"Ìwọ ọlọ̀tẹ̀ yìí," ni Gbémiga bẹ̀rẹ̀, "o rò pé mo ń fẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣe. Jẹ́nẹ́rà Brẹ́nkẹ máa ń lọ síwájú ogun fúnra rẹ̀. Ó dáa! Lọ́la, èmi ni màá lọ sílé Jethro. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣe é tán, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé yìí láéláé. Bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ."

 Felicia ro Àánú àti àpò ilé-ìwé rẹ̀ tuntun. Ó sì tún kúnlẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Daddy, bí ẹ bá máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà mìíràn. Wọ́n ní ilẹ̀ máa dì lọ́la."

"Brẹ́nkẹ kì í bá ojú ọjọ́ ṣèpàdé!"

Ká ní ó ṣí ewé mẹ́wàá péré kọjá ìwé ètò ìsìn yẹn ni, ì bá ti bá Brẹ́nkẹ nínú yìnyín Rọ́ṣíà, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, gbogbo wọn nínú bàtà ẹ̀ẹ̀rùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Friday lu, ilẹ̀ Thamesmead funfun bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tí kò ṣú. Gbémiga wọlé Jethro, Moráyọ̀ di aago mú, Felicia dúró sẹ́bàá ògiri. Ìṣẹ́jú kìíní àti ìkejì, Gbémiga kọrin, ó fi ẹsẹ̀ kẹta kún un. Ìṣẹ́jú kẹrin, ẹ̀kọ óòtì ru nínú ẹ̀rọ ìgbóúnjẹgbóná, ó kún un bí ọṣẹ. Ìṣẹ́jú kẹfà, ó ti bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá, bọ́tìnnì òkè wọ ihò ìsàlẹ̀, kọ́là gun etí òsì. Jethro mú ṣíbí kan. Ó wò ó. Ó sọ̀rọ̀ òtútù ọdún 1963. Ó gbé e mì.

"Ẹ yára, bàbá, ẹ yára!"

"Ọ̀gágun," ni Jethro bi í, "báwo ni ti Brẹ́nkẹ yín ṣe parí?"

"Pẹ̀lú ìṣẹ́gun ni!"

"Ṣé ẹ kà á tán?"

Gbémiga ya ẹnu.  Ibẹ̀ ni aago ti dún. Ẹsẹ̀ kan Jethro ṣì wà níta ṣòkòtò, ṣùgbọ́n Mànàmáná kì í wẹ̀yìn. "Ìṣẹ́gun!" ni ó ké, ó sì yan jáde.

Ọ̀nà tó wà níwájú ilé yẹn dà gẹ̀rẹ́ sí omi Birchmere. Bàtà ọ̀gágun tẹ yìnyín lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí Woolwich, ẹsẹ̀ òsì lọ sí Kent. Fìlà rẹ̀ yí lọ wọ inú omi, pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó kan gùn ún, ó wò yíká bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síbi tí ọrùn ẹsẹ̀ kì í kọjú sí.

Moráyọ̀ ń sá kiri pẹ̀lú "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Felicia kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ Jethro bọ ṣòkòtò, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, lẹ́yìn náà ló rọra rìn jáde pẹ̀lú bàtà eléyín rẹ̀. Ó fi ìbora bo Gbémiga, ó fi kóòtù tirẹ̀ rọ ọ́ lórí. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ aláìsàn fi pẹ́. Felicia kò wo aago.

Wọ́n fi irin sí ọrùn ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì gbé e padà sílé, sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ń bẹ ní Kánádà. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí kẹ́rà máa wá bá a ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ wo ló sún mọ́ ọn jù? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó da eérú, òun ni eérú ń tọ̀.

Ẹ sì má rò pé wọ́n ti yí òfin padà. Ta ni yóò yí i? "Ọ̀rọ̀ Daddy kì í bọ́ sílẹ̀ níṣojú tèmi," ni Moráyọ̀ wí, ó sì fi ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ kìíní. Ó nàró. Ó bẹ́rí. Ó kọ orin ẹsẹ̀ mẹ́ta, torí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kẹta délẹ̀, ó tún ki Gbémiga ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù. Ó fi ọṣẹ pa á lójú, ó nu ìdajì rẹ̀, aago dún.

"Moráyọ̀, dúró! Ọṣẹ ń bẹ nínú etí mi!"

Obìnrin náà fi ìka kìlọ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. "Háà, Daddy! Ẹ fẹ́ dán mi wò! Ẹ̀tàn ọ̀tá! Ìṣẹ́gun!"

Lọ́jọ́ kejì, Olúwadámiláre, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́rà, lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí orin nìkan, ọmọ náà lóhùn dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kọ wà lórí àga, ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì ní ìwọ̀n apá kan àti ààbọ̀. Gbémiga wo ẹ̀kọ náà títí di ọ̀sán, ẹ̀kọ náà wo òun náà.

Ọjọ́ kẹrin ló kan Felicia. February ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ láti bẹ́rí.

"Jọ̀ọ́," ni Gbémiga wí, "sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀."

Ó fi omi gbígbóná nù ún, títí kan ẹ̀yìn etí. Ó ro ẹ̀kọ óòtì lórí iná, kò jẹ́ kó ru. Ó fa àga, ó jókòó, torí a kì í dúró lé àgbà lórí bó bá ń jẹun. Gbémiga ti gbé ṣíbí márùn-ún mì nígbà tí aago fóònù dún. Àwọn méjèèjì wò ó.

Ẹnu tó ti ń pàṣẹ láti ọjọ́ yìí, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. "Felicia."

"Sà."

"Ẹ̀kọ yìí... kò tíì tán."

"Mo rí i, sà. Ṣùgbọ́n òfin Daddy ni. Ta ni mo jẹ́?"

Gbémiga wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Felicia ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dìde. Gbémiga mú fóònù. Ohùn tó máa ń fi ránṣẹ́ kì í dín ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Èyí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni o. Ẹ má kọrin mọ́. Ẹ ṣeun."

 Ojú ẹsẹ̀ ni ohùn Moráyọ̀ bú jáde lórí WhatsApp: "Ẹ má dá a lóhùn o! Àwọn oníjìbìtì ti gba fóònù Daddy! Daddy kì í sọ pé 'ẹ ṣeun'!"

Felicia ní láti fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ pé Daddy fúnra wọn ni, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ. Gbémiga kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

"Mista Jethro ní kí n kí yín, sà," ni Felicia wí. "Wọ́n ní kí n ka ìparí fún yín."

Ìwé ńlá náà wà lórí pẹpẹ, ibi tí ọwọ́ aláìsàn kò tó. Ó ṣí i síbi ìwé ètò ìsìn, ó ń yí ewé, ó ń kà, ó ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Yìnyín. Bàtà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀gá kéékèèké tí wọ́n ń kọ̀wé sí Brẹ́nkẹ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, nítorí kò sí ẹni tó láyà láti kọ nǹkan mìíràn. Ó fo ọ̀pọ̀ ewé dé orí tó kẹ́yìn. Wọ́n mú Brẹ́nkẹ nínú àjà ilẹ̀ kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ńlá pẹ̀lú àwọn jẹ́nẹ́rà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó lu agogo pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Kò sí ẹni tó wá. Ó tún lù ú. Níkẹyìn, sójà kékeré kan tó ń ṣọ́ wọn mú un lọ sí ilé ìdáná, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ẹyin.

Felicia pa ìwé dé.

"Ẹyin náà," ni Gbémiga bi í, "ṣé ó jinná?"

"Wọn ò sọ, sà."

 Gbémiga tọ́ka sí àpò ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n bá a gbé wálé. Lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, àmì ìdí kọ́ọ̀pù róbótó lókè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìbuwọ́lùwé Gbémiga máa ń gba ìdajì ojú ìwé, ìrù rẹ̀ máa ń yí po bí ejò tó ń wá ibi sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ orúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì fà á lé Felicia lọ́wọ́.

Felicia kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ká lẹ́tà náà sáyà. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ti lọ, àmọ́ ẹ̀kọ ku ṣíbí mẹ́ta. Ó tún jókòó, ó dúró títí abọ́ fi mọ́, ó fọ̀ ọ́, ó gbé kọ́ọ̀pù omi sí ibi tí ọwọ́ tó, kó tó wọ kóòtù rẹ̀.

"Felicia!" Ohùn náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Rọra rìn o. Ilẹ̀ ń yọ̀."

"Mo gbọ́, Daddy."

Ó wo bàtà eléyín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa ìlẹ̀kùn dé, ó sì gba ọ̀nà ilé-ìwé Àánú lọ.